Ta Ni Ó Ni Ọbẹ̀ Tó Dùn?

Àwọn àgbà ní, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí ẹran àti ẹja tí a rà sínú ìkòkò nìkan. Ẹni tí ó ń se oúnjẹ tà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ń dán ọbẹ̀ òun wò. Pé òun ti fi iyọ̀ ba ìkòkò kan jẹ́, òun ti da òmíràn nù, kí ó tó di pé àwọn oníbàárà ń tò sí ẹnu ọ̀nà òun ní ọ̀sán gangan. Owó ni gbogbo èyí, àárẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣí ilé oúnjẹ sí òdì kejì títì, tí ó gbé irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ tí ó jọ ti ẹni àkọ́kọ́ sí ara pátákó rẹ̀, ìjà tí ó máa ń ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe kékeré.

Ní gbogbo ìlú ńlá orílẹ̀-èdè yìí, láti Sókótó dé Kàlàbá, láti Máídúgùrì dé Èkó, oúnjẹ títà jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe é jẹ́ obìnrin tí kò ní ohun-ìní mìíràn ju ọwọ́ tí ó mọ ọbẹ̀ sè àti orúkọ rere tí wọ́n ti ní lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wọn. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ òfin lè bá wọn dáàbò bo ohun-ìní méjèèjì yìí? Èwo ni òfin kà sí ti ẹnì kan ṣoṣo, èwo ni ó sì kà sí ti gbogbo ayé?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin olóúnjẹ kan ní Kàdúná. Àpẹẹrẹ lásán ni. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Obìnrin yìí ní ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ kan tí ó fi èlò tirẹ̀ sè, ó sì sọ ọbẹ̀ náà ní “Arìnrìn-àjò Kò Gbàgbé”, nítorí pé àwọn awakọ̀ tí ń lọ sí Kánò ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ó tẹ ìwé kékeré kan tí ó to àwọn oúnjẹ rẹ̀ àti iye owó wọn sí, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kun ilé rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféfèé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sí ìtòsí, ó ń se ọbẹ̀ kan náà, ó ń pè é ní orúkọ kan náà, ó da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ, ó sì kun ilé rẹ̀ ní àwọ̀ kan náà.

Lójú obìnrin yìí, olè kan ṣoṣo ni ó jà á. Ṣùgbọ́n lójú òfin, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: ọ̀nà ìsebẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, orúkọ, àti ìrísí ilé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní òfin tirẹ̀, ìdáhùn wọn kò sì rí bákan náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í mú, tí wọn yóò ná owó lórí ẹjọ́ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí wọn yóò sì fi èyí tí ó ní ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Athenaeus, òǹkọ̀wé èdè Gíríìkì kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ìlú Sybaris àtijọ́, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ tí a ń pè ní Ítálì lónìí, alásè tí ó bá hùmọ̀ oúnjẹ tuntun ni òun nìkan ní àṣẹ láti máa sè é fún odindi ọdún kan. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà ni kí àwọn alásè lè máa bá ara wọn díje nínú iṣẹ́ rere. Ìlú Sybaris ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́, òfin rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn òfin tí ayé ń lò lónìí kò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà ìsebẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ni ó ń ṣe àkóso ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé, àwọn olórin àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà. Òfin yìí dáàbò bo ohun tí ènìyàn fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé èrò lásán, ìlànà, àti ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan kò sí lára ohun tí ẹ̀tọ́ àdàkọ bò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó da àpèjúwe inú ìwé obìnrin Kàdúná náà kọ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, tàbí tí ó mú àwòrán tí ó yà sí ìwé tirẹ̀, ti kọjá àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ti ń se ọbẹ̀ náà, tí ó lọ sí ọjà, tí ó ra ẹran àti ata, tí ó sì sè é tà, kò rú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ọ̀rọ̀ ni ti òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Bákan náà ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti dá a. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń jókòó ní Chicago, gbọ́ ẹjọ́ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ méjì tí ń tẹ ìwé. Ọ̀kan nínú wọn, Meredith, ti tẹ ìwé oúnjẹ tí a fi wàrà dídì, ìyẹn yúgọ́ọ̀tì, sè. Ó sì sọ pé èkejì, Publications International, mú oúnjẹ inú ìwé òun. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé àkójọ èlò oúnjẹ àti ìtọ́sọ́nà bí a ti ń pò wọ́n pọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ nínú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní Lùsẹ́ḿbọ̀ọ̀gì gbọ́ ẹjọ́ mìíràn láti ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ilé-iṣẹ́ kan ní í ṣe wàràkàṣì tí a ń pè ní Heksenkaas. Ó ní ẹlòmíràn ṣe èyí tí adùn rẹ̀ jọ ti òun. Àwọn adájọ́ dáhùn pé òfin kò lè dáàbò bo adùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka ààlà rẹ̀ ní pàtó. Adùn yí padà láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn, ọjọ́ orí ń yí i padà, ohun tí a jẹ ṣáájú sì ń yí i padà.

Bí ìdájọ́ wọ̀nyí bá dàbí ohun tí ó le lójú ẹni tí wọ́n gba oníbàárà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rí bí òdì kejì wọn. Bí ẹnì kan bá lè fi òfin gba ọ̀nà ìsebẹ̀ ẹ̀gúsí, ta ni yóò tún se ẹ̀gúsí láì san owó orí fún un? Ta ni yóò gba túwó àti mìyàn kúkà lọ́wọ́ àwọn ará Kánò, tàbí edikang ikong lọ́wọ́ àwọn Ẹ́fíìkì, tàbí ofe nsala lọ́wọ́ àwọn Ìgbò? Àwọn oúnjẹ wọ̀nyí kò ní ẹni tí a lè pè ní olùdásílẹ̀ wọn. Ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fi lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, olúkúlùkù sì fi tirẹ̀ kún un. Ọbẹ̀ obìnrin Kàdúná náà pàápàá, láti ara ọbẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti sè ṣáájú ni ó ti mú un jáde.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ọmọ Gánà fi ń bá ara wọn ṣàwàdà lójoojúmọ́ jẹ́ ẹ̀rí sí èyí. Orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà Wolof ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ UNESCO kọ ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja ti àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, sínú ìwé àṣà àjogúnbá tí ayé gbọdọ̀ pa mọ́. Iyì ńlá ni fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé náà fún Sẹ̀nẹ̀gà ní agbára láti dá ìkòkò ẹlòmíràn dúró. Ìwé ìrántí ni, kì í ṣe ìwé-àṣẹ òwò.

Àwọn kan yóò béèrè pé: bí ọ̀nà ìsebẹ̀ bá jẹ́ tuntun pátápátá ńkọ́? Òfin kan wà fún ohun tuntun, ìyẹn Òfin Ìhùmọ̀ àti Àwòṣe ti 1970. Ó lè fún olùhùmọ̀ ní ìwé-àṣẹ fún 20 ọdún, tí ẹlòmíràn kò fi gbọdọ̀ lo ìhùmọ̀ náà láì gba àyè. Ṣùgbọ́n ìhùmọ̀ náà gbọdọ̀ jẹ́ tuntun ní tòótọ́, kí ó ti inú làákàyè tí ó ju ti oníṣẹ́ lásán lọ jáde, kí ó sì ṣeé lò ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó hùmọ̀ ọ̀nà tuntun tí kílíṣí kò fi ní í bàjẹ́, tàbí ọ̀nà tuntun tí a fi lè sọ ẹ̀wà di ìyẹ̀fun tí kì í dì, lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tí ó kàn fi irú kún ọbẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kì í fi irú sí kò lè rí i gbà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá gba ìwé-àṣẹ yìí gbọdọ̀ tú àṣírí náà fún gbogbo ayé, nígbà tí 20 ọdún bá sì pé, ó di ti gbogbo ènìyàn.

Èyí ni ó mú kí àwọn oníṣòwò oúnjẹ tí ó gbọ́n jù lọ yan ọ̀nà kẹta, tí í ṣe pípa àṣírí mọ́. Yorùbá ní, ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà. John Pemberton, apòògùn kan ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, po ohun mímu Coca-Cola ní 1886. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi àpòpọ̀ rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ ní ọdún náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnikẹ́ni ì bá ti lè máa pò ó. Wọn kò gba ìwé-àṣẹ. Wọ́n pa á mọ́. Ní 1977, nígbà tí ìjọba Índíà ní kí ilé-iṣẹ́ náà fi apá tí ó pọ̀ jù nínú òwò rẹ̀ níbẹ̀ lé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lọ́wọ́, kí ó sì fi àṣírí náà hàn, ilé-iṣẹ́ náà yàn láti fi orílẹ̀-èdè ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní 1993 ni ó tó padà.

Ní Nàìjíríà, a kò ní òfin kan ṣoṣo tí a yà sọ́tọ̀ fún àṣírí òwò. Síbẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ wa lè dá ẹni tí ó da àṣírí tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lẹ́bi, pàápàá bí ìwé àdéhùn bá wà. Bí obìnrin Kàdúná náà bá ti mú kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ tí ó gbà á sí iṣẹ́ pé òun kò ní í fi àpòpọ̀ èlò náà han ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní í lò ó fún òwò ara òun, ẹjọ́ rẹ̀ ì bá lágbára. Ó tún lè fi kún un pé kí ó má ṣe ṣí irú òwò kan náà sí ìtòsí fún àkókò díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kì í fẹ́ràn àdéhùn tí ó bá di ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ènìyàn. Bí àkókò rẹ̀ bá gùn jù, tàbí bí ó bá bo gbogbo orílẹ̀-èdè láìnídìí, wọn yóò fagi lé e. Ní 1973, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta ọkọ̀, nítorí pé ọdún kan ṣoṣo ni àdéhùn náà wà fún, ibi tí ó bò sì ní ààlà.

Ààlà mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí abánidíje bá wá jẹun gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, tí ó fi ahọ́n ara rẹ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà, kò jalè. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá sì lọ, kò lè fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bí a ti ń gé àlùbọ́sà, bí a ti ń mọ ìgbà tí epo gbóná tó, bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ti ara rẹ̀ ni. Ohun tí òfin lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣírí pàtó tí ọ̀gá rẹ̀ pa mọ́, tí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àṣírí ni. Ọ̀gá tí ó ń po èlò rẹ̀ ní ojútáyé, tí gbogbo ẹni tí ń fọ àwo ń wò ó, yóò ṣòro fún un láti sọ fún adájọ́ pé àṣírí ni òun ní.

Wàyí o, a dé orí orúkọ. Níbí ni òfin ti lágbára jù fún olóúnjẹ, níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò sì ti bìkítà. Òfin Àmì Òwò ti 1965 ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ tàbí àmì òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ àmì òwò, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí òwò ní Àbújá, òun nìkan ni yóò ní àṣẹ láti lò ó fún irú ọjà tàbí irú iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ fún. Wọn yóò tẹ orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àmì òwò. Ẹni tí ó bá ní àtakò ní oṣù méjì láti sọ ọ́. Àṣẹ àkọ́kọ́ wà fún ọdún 7, a sì lè tún un gbà fún ọdún 14 ní ìgbàkúùgbà tí ó bá parí. Láti 2007 ni ọ́fíìsì náà ti ń gba orúkọ iṣẹ́ bíi ti ilé oúnjẹ sílẹ̀, kì í ṣe ti ọjà inú páálí nìkan. Òfin mìíràn tí a buwọ́ lù ní oṣù Kejì ọdún 2023 láti mú òwò rọrùn sì fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó ṣeé fi sílẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òfin ni ó yẹ kí olóúnjẹ wò kí ó tó sọ ọbẹ̀ lórúkọ. Orúkọ tí ó kàn sọ irú ohun tí ọjà jẹ́ tàbí bí ó ti dára tó, bíi “Ìrẹsì Dídùn” tàbí “Iyán Gbígbóná”, kò rọrùn láti sọ di ti ẹnì kan, nítorí pé gbogbo oníyán ni iyán wọn gbóná. Orúkọ ìlú náà kò rọrùn. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun nìkan ni ó ni “Súyà Kánò”, kí ó wá máa lé àwọn ará Kánò kúrò nídìí súyà wọn. Orúkọ tí ó lágbára ni èyí tí olówò fúnra rẹ̀ hun, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka tààrà sí ohun tí ó ń tà. “Arìnrìn-àjò Kò Gbàgbé” wà ní ìhà yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kò lè mọ̀ pé ọbẹ̀ ewúrẹ́ ni.

Ìtàn kan láti New York fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ àti oúnjẹ hàn kedere. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Dominique Ansel, alásè ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí ta àkàrà òyìnbó kan tí ó fi dónọ́ọ̀tì àti kùrósọ́ǹtì pa pọ̀, ó sì pè é ní Cronut. Àwọn ènìyàn ń tò láti òwúrọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó rí i rà. Kò pẹ́ tí àwọn alábẹ̀rẹ̀-ọ̀tun fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀ káàkiri ayé. Ansel kò lè dá wọn dúró láti máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti fi orúkọ náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, nítorí náà olúkúlùkù wọn ní láti wá orúkọ mìíràn fún tirẹ̀. Wọ́n mú ọ̀nà ìṣeéṣe náà. Wọn kò lè mú orúkọ. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ Cronut mọ ilé tí yóò lọ.

A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn olówò nípa àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀. Ẹni tí ó ti fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní àjọ CAC máa ń rò pé òun ti ní orúkọ náà pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé CAC fi hàn pé òwò náà wà lábẹ́ òfin. Kì í ṣe ìwé àmì òwò. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára páálí oúnjẹ pẹ̀lú kò sọ ẹni tí ó ni orúkọ ọjà. Ó sọ pé a ti yẹ ọjà náà wò. Ibi tí a ti ń gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sì yàtọ̀.

Ẹni tí kò bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Òfin kò pa á tì pátápátá. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ilé-ẹjọ́ ti kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé ọjà tirẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Òfin 1965 sì fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ bí ó ti wà. Ní 1961, ẹjọ́ kan wáyé láti Oníṣà. Ilé-iṣẹ́ apòògùn kan ń jẹ́ Niger Chemists, ó sì ti gbajúmọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn mìíràn wá ṣí ilé òògùn sí àdúgbò kan náà, wọ́n pe tiwọn ní Nigeria Chemists. Adájọ́ wò ó pé orúkọ méjèèjì jọra débi pé oníbàárà lè ṣì wọ́n mú, ó sì pàṣẹ kí àwọn tí ó dé lẹ́yìn má ṣe lò ó mọ́. Ohun tí ó wà nídìí ẹjọ́ náà ni ìtànjẹ. Ẹni tí ó bá ń pẹjọ́ irú èyí gbọ́dọ̀ fi hàn pé orúkọ òun ti gbajúmọ̀, pé ohun tí ẹnì kejì ṣe lè ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, àti pé ó pa òun lára. Ẹ̀rí èyí a máa gba owó àti àkókò. Ẹni tí ó bá ní ìwé àmì òwò lọ́wọ́ kò ní í ru ẹrù tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Lórí àwọ̀ àti ìrísí ilé, ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹlẹgẹ́ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1992, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ilé oúnjẹ Taco Cabana láre lórí Two Pesos, nítorí pé ìrísí ilé rẹ̀, àwọ̀ tí ó kùn ún, àwòrán ara ògiri rẹ̀ àti bí ó ti tò ó jẹ́ ohun tí a fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ní 2004, nínú ẹjọ́ Ferodo àti Ibeto lórí páálí bíréèkì ọkọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wo ohun tí a fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, ó sì rí i pé orúkọ tí ó wà lára páálí kejì yàtọ̀ sí i. Àwọ̀ tí ó jọra nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ ni òfin yóò bá a ṣọ́. Bí àwọ̀ ilé tàbí ìrísí àwo bá ṣe pàtàkì sí òwò rẹ̀, kí ó má ṣe fi orúkọ nìkan sílẹ̀.

Ọ̀nà kan kù tí ó tọ́ sí àwọn ìlú àti àwọn ẹgbẹ́ olóúnjẹ, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Oúnjẹ mìíràn wà tí ó jẹ́ ilẹ̀ tí ó ti hù tàbí ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 2013, àjọ OAPI, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaoundé, tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé wà nínú rẹ̀, fi òfin dáàbò bo orúkọ ata Penja ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Láti ìgbà náà, ata tí kò bá ti ilẹ̀ Penja wá kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà lórí àtẹ wọn. Gánà náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láti 2003. Nàìjíríà kò sí nínú àjọ OAPI. Ṣùgbọ́n Òfin Àmì Òwò ti 1965 fi àyè sílẹ̀ fún àmì ìjẹ́rìí, tí ẹgbẹ́ kan lè gbà láti fi jẹ́rìí sí ibi tí ọjà ti wá àti bí a ti ṣe é. Àwọn oníkílíṣí ilẹ̀ Àríwá àti àwọn oníìrẹsì Ọ̀fadà lè fi ọgbọ́n yìí ṣe ara wọn ní àǹfààní, bí wọ́n bá lè fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí kílíṣí tòótọ́ tàbí Ọ̀fadà tòótọ́ jẹ́.

Kí ni kí olóúnjẹ kékeré wá ṣe? Kí ó kọ́kọ́ yan orúkọ tí ó dá yàtọ̀, kí ó sì ṣèwádìí bóyá ẹlòmíràn kò ti ń lò ó. Kí ó fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì òwò nígbà tí òwò náà ṣì kéré, kí ó má dúró di ìgbà tí abánidíje bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kí ó kọ àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó sì jẹ́ àdéhùn tí kò ni wọ́n lára. Bí ó bá ní àpòpọ̀ kan tí òwò rẹ̀ dúró lé, kí ó máa pò ó fúnra rẹ̀, tàbí kí ó pín iṣẹ́ náà kí ẹnì kan má ṣe mọ gbogbo rẹ̀. Kí ó pa ìwé ìnáwó, àwòrán àti ìkéde rẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn ni yóò jẹ́rìí sí i bí ọ̀rọ̀ bá di ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, níbi tí a ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ wọ̀nyí.

Ìjọba pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òfin tí ó wà ní Àbújá kò wúlò fún ẹni tí ń dáná ní Pọtakọ́tù tàbí ní Yólà bí kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ rí ní èdè rẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ bá lè máa ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí, tí owó ìforúkọsílẹ̀ kò sì ni kékeré lára, ọ̀pọ̀ ìjà ni kò ní í dé iwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ obìnrin Kàdúná wa, kí a sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Òfin yóò gba ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ padà fún un. Bí ó bá ti fi orúkọ ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò gba èyí náà padà kíákíá. Bí kò bá fi sílẹ̀, yóò gbà á pẹ̀lú wàhálà. Lórí àwọ̀ ilé, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀rí tí ó bá mú wá. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀, bí kò bá sí àdéhùn àti àṣírí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè máa sè é lọ ní orúkọ mìíràn. Èyí lè dun obìnrin náà, kò sì yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, òun náà kọ́ ọbẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan rí, ẹni náà kò sì gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kí ó má ní ààlà. Òfin pa ààlà yìí sí àárín orúkọ àti ìkòkò: orúkọ jẹ́ ti ẹni tí ó fi òógùn rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá, ìkòkò sì wà fún gbogbo ẹni tí ó bá lè dáná. Níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà bá mọ ẹni tí ó se oúnjẹ tí òun ń jẹ, tí kò sí ẹni tí ó tàn án jẹ, kí olúkúlùkù gbé ọbẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀, kí ẹnu àwọn tí ń jẹ ẹ́ sì yan èyí tí ó dùn jù.